Ẹni tó já fáfá jù lábẹ́ mi ti yí padà. Ṣé sẹ́mínà ló kàn?

Ìbéèrè

Ẹ ǹlẹ́ o, dókítà. Èmi ni alábòójútó ẹ̀ka tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù ní ilé iṣẹ́ wa. Mọ́kànlá ni àwọn tó wà lábẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Méjì fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, a kàn pín iṣẹ́ wọn mọ́ra. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tó kù, òun ló mọ iṣẹ́ jù láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Ó ń pẹ́ dé, ó ń ṣe àṣìṣe tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì jágbe mọ́ oníbàárà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi náà kì í sùn dáadáa mọ́. Bí fóònù bá dún lóru, àyà mi á já. Ọ̀gá wa ní òun máa ṣe sẹ́mínà ọjọ́ kan fún wa lórí bí èèyàn ṣe ń fara da wàhálà iṣẹ́. Ṣé ohun tó yẹ nìyẹn? Kí ni èmi tí mi ò láṣẹ láti gba èèyàn síṣẹ́ lè ṣe? Ṣé kí n bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó ń ṣe é, àbí ìyẹn á dà bíi pé mò ń tojú bọ ohun tí kò kàn mí?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, mà, ẹ sì kú àfaradà. Màá dáhùn gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ka sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ̀yin fúnra yín sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹ ní méjì fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì "kàn pín iṣẹ́ wọn mọ́ra". Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ èèyàn mọ́kànlá ni èèyàn mẹ́sàn-án ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó jókòó béèrè pé èwo nínú iṣẹ́ náà ló yẹ kó dúró ná, èwo ló yẹ kó máa falẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló kọ́kọ́ yí padà. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni ẹrù máa ń wọ́ lọ. Oníbàárà tó bá le, òun ni wọ́n á gbé e fún. Bí nǹkan bá dojú rú lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, òun ni wọ́n á pè. Bí ọwọ́ bá dí, ojú rẹ̀ ni ẹ̀yin náà á máa wò. Iṣẹ́ èèyàn méjì tó já sílẹ̀ yẹn kò pín dọ́gba sórí ẹni mẹ́sàn-án, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wà lọ́rùn ọmọ yìí tipẹ́.

Ní ti sẹ́mínà, kò burú. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ lọ, kí àwọn tó wà lábẹ́ yín náà lọ. Èèyàn lè rí ohun gidi kọ́ níbẹ̀ nípa oorun, nípa mímí, nípa bí a ṣe ń mọ̀ pé ara ti ń ké. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ni ilé iṣẹ́ máa ṣe, a fi ete sílẹ̀, a ń pa làpálàpá nìyẹn. Òṣìṣẹ́ á gbọ́ ẹ̀kọ́ tán, á padà sórí àga rẹ̀, iye ìpè tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ náà ló máa bá. Èyí tó dùn mí jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ á wá máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi: wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fara dà á, mi ò sì rí i fara dà, àfi kó jẹ́ pé èmi ni mi ò dáa tó. Àjọ ìlera àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022 lórí ìlera ọpọlọ níbi iṣẹ́. Kíkọ́ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títún ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀, kíkọ́ àwọn alábòójútó bíi tiyín náà sì wà níbẹ̀. Méjì yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń fò.

Ní 2019, àjọ kan náà ṣàlàyé irú agara tí iṣẹ́ ń dá sí èèyàn lára, nínú ìwé tí àwọn oníṣègùn fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ìyẹn ICD-11. Wọn ò kà á sí àìsàn. Wọ́n ní inú másùnmáwo ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́, tí wọn ò rí ojútùú sí, ló ti ń jáde. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: okun á tán nínú èèyàn, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ náà débi pé á máa fojú burúkú wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tẹ́ ẹ kọ: ó ń pẹ́ dé, ó jágbe, ó ń ṣe àṣìṣe. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe ẹni tí mi ò rí. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára, ọ̀fọ̀, àìsàn ọmọ nílé, gbèsè, èyíkéyìí nínú wọn lè fara hàn báyìí. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá bi mí pé ibo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, màá ní kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀. Oníbàárà kan pe fóònù, inú ń bí i, ó ń bú u. Lójú ẹsẹ̀, ara ọmọ yìí á tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara fi ń gbára dì, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kì-kì-kì, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sínú ẹran ara, oúnjẹ inú á dúró. Ara ti gbára dì láti jà tàbí láti sá. Ṣùgbọ́n kò lè jà, kò sì lè sá. Orí àga ló jókòó sí, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ jẹ́ n wò ó fún yín." Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Pípa ohùn dà báyìí nígbà tí inú ń hó, iṣẹ́ gidi ni, ó ń jẹ okun, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé ilé iṣẹ́ kankan tí wọ́n ti ń kà á mọ́ iṣẹ́. Oníbàárà gbé fóònù sílẹ̀. Bí ìsinmi bá tẹ̀ lé e, ara á rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní sí ewu. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn méjì ti dín, ìlà ti gùn, ìpè mìíràn wọlé kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ́kun gbígbọ̀n. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ara rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ láti àárọ̀. Tó bá délé, ara yẹn ṣì wà lójúfò, oorun kò ní wọ̀ ọ́. Àìsùn yẹn ló ń di àṣìṣe lọ́jọ́ kejì, torí ohun tí oorun tí kò tó kọ́kọ́ ń mú lọ ni àfiyèsí àti sùúrù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀gá tó wà lókè pátápátá ni wàhálà iṣẹ́ ń ṣe léṣe jù. Ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Karasek, ṣàlàyé pé ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ẹni tó ń ṣe é kò sì láṣẹ lórí bó ṣe máa ṣe é, ni ara èèyàn ń gba ìyà jù. Ní London, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 láti 1985, Michael Marmot ló ṣáájú ìwádìí náà. Àwọn tí kò láṣẹ lórí iṣẹ́ ara wọn ni àrùn ọkàn ń mú ju àwọn tó láṣẹ lọ. Ẹ wá wo iṣẹ́ fóònù. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ìpè, kọ̀ǹpútà ló ń ka ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ti wà lákọsílẹ̀, bí wọ́n bá dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ ti rí i. Iṣẹ́ tó gba àṣẹ lọ́wọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ẹ ní ẹ ò lágbára. HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín orísun másùnmáwo níbi iṣẹ́ sí mẹ́fà ní 2004: bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó ń rí gbà, bí àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn lò, bóyá ohun tó jẹ́ iṣẹ́ kálukú yé e, àti bí wọ́n ṣe ń mú àyípadà wọlé. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àkọ́kọ́ nìkan ni ọwọ́ yín kò tó dáadáa. Àwọn márùn-ún yòókù, ẹ̀yin alábòójútó lẹ dì wọ́n mú lójoojúmọ́, bóyá ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Àṣẹ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣòro fún wọn jù, owó kékeré ló sì ń ná ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pín àkókò ìsinmi láàárín ara wọn. Ẹ fún wọn láyè láti kúrò lórí ìlà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìpè tó bá burú, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ìṣẹ́jú yẹn má sì ṣe jáde nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí oníbàárà bá ń bú èèyàn, òṣìṣẹ́ á kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá gbọ́, ó lè gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo bóyá ẹ lè ṣe é kí kálukú máa kúrò lórí fóònù fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kó máa dáhùn lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́, níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń pariwo sí i létí. Mo ti rí ibi tí nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún yìí nìkan ti mú kí ojú àwọn òṣìṣẹ́ ṣí. Ìsinmi náà kò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà tí àwọn lè gbà jáde.

Ní ti ohun tó jẹ́ iṣẹ́ kálukú, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ kọ gbogbo ohun tí ẹ̀ka yín ń ṣe sínú rẹ̀, títí dé èyí tó kéré jù. Ẹ kọ ẹni tó ń ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Apá tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ máa dúró lé lórí. Ẹ máa rí àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tó ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń kà. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó lọ ni ọ̀gá kan ní kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà kan, ọ̀gá yẹn pàápàá ti lè gbàgbé. Ẹ máa rí ẹ̀sùn tí èèyàn méjì jọ ń tọ̀ lẹ́yìn, àti èyí tí kálukú rò pé ẹnì kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò wúlò, ẹ dá a dúró. Èyí tó kọjá àṣẹ yín láti dá dúró, ẹ fàlà sí ìdí rẹ̀, a máa nílò rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá lọ bá ọ̀gá.

Ìrànlọ́wọ́ àti àjọṣe kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ máa yìn wọ́n ní gbangba, ẹ máa bá wọn wí ní kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé orúkọ ẹni tó gba ìpè jù àti ẹni tó gbà kéré jù sórí WhatsApp ẹ̀ka yín, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ dáadáa sí i nítorí ìtìjú, á kàn máa fi oníbàárà sílẹ̀ láìyanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí iye ìpè rẹ̀ lè pọ̀. Ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ohun tí wọ́n gbé mọ́ra yìí, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun náà gan-an. Johannes Siegrist, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn ní 1996 pé bí ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ bá pọ̀ púpọ̀ ju ohun tó ń rí gbà lọ, ó ń pa ọkàn lára, kì í sì í ṣe owó nìkan ló kà mọ́ ohun tí èèyàn ń rí gbà. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìdánilójú pé iṣẹ́ kò ní bọ́ wà níbẹ̀. Ní ti àyípadà, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé wọn ò ní gba èèyàn kankan títí oṣù mẹ́ta, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn mọ̀ pé ó le rọrùn láti gbé ju èyí tó ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò dé.

Ẹ wá bi mí bóyá kẹ́ ẹ bi ọmọ yẹn léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í. Iṣẹ́ yín ni. Títojú bọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí irú àìsàn tó ń ṣe é tàbí ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ rí níbi iṣẹ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nípa rẹ̀.

Ẹ pè é ní àkókò tí kò ní máa sáré lọ, ní ibi tí ojú àwọn yòókù kò ti tó o. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oníbàárà tó jágbe mọ́ bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti gbọ́ ìyẹn, á ti máa múra àwáwí sílẹ̀, kò ní gbọ́ ohun mìíràn tẹ́ ẹ bá sọ. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má sọ irú èèyàn tó ti dà. "Mo rí i pé láti nǹkan bí oṣù kan, o máa ń pẹ́ dé, ojú rẹ sì máa ń dà bí ẹni tí kò sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ. Báwo ni nǹkan ṣe ń lọ?" Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á fẹ́ gùn jù lójú yín, ẹ fara dà á.

Ó ṣeé ṣe kó fèsì pé, "Kò sí nǹkan, mà." Ẹ má fipá mú un. Ẹ ní, "Ó dáa. Mi ò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n màá tún béèrè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn mi." Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ìgbà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ̀rọ̀, torí ó ti yé wọn pé ẹ ò béèrè kẹ́ ẹ kàn lè sọ pé ẹ béèrè.

Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ má sọ fún un pé gbogbo wa náà ló ń rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, torí bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, ẹ máa ní láti pe ẹlòmíì. Ẹ bi í pé, "Èwo nínú iṣẹ́ yìí ló wúwo jù fún ọ báyìí? Kí la lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí?" Kẹ́ ẹ mú ohun kan, ó kéré tán, nínú ohun tó bá dárúkọ, kẹ́ ẹ yí i padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà tó le ni wọ́n ń gbé fún un ṣáá, ẹ pín wọn ká. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó jágbe mọ́ yẹn kò ní lọ láìsọ, ẹ̀yin méjèèjì á jọ wá bí wọ́n á ṣe bẹ oníbàárà náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni kẹ́ ẹ fi í sí. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìwé ìbáwí ṣáájú ìjíròrò yìí.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa fún àwọn ohun kan. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ láràárọ̀ títí di alẹ́, tí ohunkóhun kò wù ú mọ́, tí kò lè jẹun tàbí kò lè sùn, tàbí tí ó ń mu ọtí kí oorun lè kùn ún, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá títún ètò iṣẹ́ ṣe nìkan. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè ti wọ̀ ọ́, dókítà ló yẹ kó rí i, ó sì ní ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ní òun ti di ẹrù sí gbogbo èèyàn lọ́rùn, tàbí pé kò sí ohun tí òun ń wá láyé mọ́, ẹ má fò ó. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé o máa ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé ìbéèrè yìí á gbé èrò náà sí onítọ̀hún lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ wọn pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ sétí láìsá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ẹni tó fọkàn tán fún yín kẹ́ ẹ lè pè é, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ku ẹ̀yin fúnra yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sínú gbólóhùn méjì péré. Fóònù tó ń dún lóru yẹn kò ní jẹ́ kí ara yín rọlẹ̀, kódà lálẹ́ tí kò bá dún, torí etí yín á ṣì máa retí rẹ̀. Ohun tó ń dá okun padà fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni kí ọkàn rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́ pátápátá fún ìgbà kan, kì í ṣe kí ara rẹ̀ nìkan dé ilé. Bí ilé iṣẹ́ bá nílò ẹni tó ń gbé fóònù lóru lóòótọ́, ẹ pín in ní òru-òru láàárín àwọn alábòójútó, kí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ lóru yẹn pa tirẹ̀, kó gbé e sí yàrá mìíràn. Bí kò bá nílò rẹ̀, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ń pè yín pé láti aago báyìí, ó di àárọ̀. Ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di òfin láti oṣù kìíní 2017 pé kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa fóònù iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí náà ẹ ò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí. Kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga nírọ̀lẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀la sórí ìwé. Iṣẹ́ tó wà lórí ìwé kì í dààmú èèyàn lórí ibùsùn tó èyí tó wà lọ́kàn. Wákàtí méje, ó kéré tán, ni àgbàlagbà nílò láti sùn lóru kan. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ ẹ ti ń sùn kéré sí ìyẹn tí àyà yín sì ń já, kí ẹ̀yin náà lọ rí dókítà. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín níbẹ̀.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ yín kò tó, ìyẹn bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má lọ bá ọ̀gá yín pẹ̀lú pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Á gbọ́, á káàánú, á sì tún padà sórí sẹ́mínà. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbé lọ: iye ìpè tí ẹnì kan ń gbà lójúmọ́ kí àwọn méjì yẹn tó lọ àti iye tó ń gbà báyìí, àṣìṣe tó wáyé nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí wọ́n ń lò kọjá àkókò iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi àìsàn tọrọ àyè. Ẹ̀rọ yín ti ń ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ́lẹ̀. Wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé àti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, jọ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 nínú 100 ga sí i. Bó bá jẹ́ owó ni ọ̀gá yín fẹ́ gbọ́, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń jẹ gbé lágbàáyé lọ́dún kan, tó sì ń ná ayé ní nǹkan bíi tírílíọ̀nù kan dọ́là.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan: kó gba èèyàn méjì, tàbí kó yá yín ní èèyàn láti ẹ̀ka mìíràn fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ dá àwọn iṣẹ́ tẹ́ ẹ fàlà sí ìdí wọn dúró. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú pé kó má fagi lé ọjọ́ sẹ́mínà náà, kó yí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀ padà ni. Ìdajì ọjọ́ ni kí gbogbo yín fi jókòó lórí ìwé iṣẹ́ yẹn, kí òun náà wà níbẹ̀, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ń gba ìpè. Ìdajì tó kù, kí wọ́n fi kọ́ àwọn alábòójútó bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ tí kò rọrùn fún sọ̀rọ̀.

Bó bá kọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí i, kó ní déètì. Ẹ sọ nínú rẹ̀ iye ìpè tí èèyàn mẹ́sàn-án lè gbà lójúmọ́ láìba iṣẹ́ jẹ́, èyí tó máa ṣẹ́ kù láìgbà, àti irú oníbàárà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Kẹ́ ẹ ní kó kọ tirẹ̀ sí i bí kò bá fara mọ́ bẹ́ ẹ ṣe tò ó, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan sọ́wọ́.